Oúnjẹ wo ló bá wáìnì Soave mu?

Ìyá Ìbejì (Padova)

Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ará. Mo ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé ọjọ́ ti ń sún mọ́lé. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ti rí ọkọ fẹ́ níbí ní Itálì, àwọn òbí ọmọkùnrin náà sì jẹ́ ará Monteforte d'Alpone, ìlú kékeré kan tí ó wà láàárín Verona àti Vicenza, níbi tí ọgbà àjàrà bo òkè débi pé ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá kí wa lóṣù tó kọjá, wọ́n gbé páálí wáìnì funfun kan wá, ìgò mẹ́fà, wọ́n sì fi ọ̀wọ̀ gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni ń gbé ẹrù ìdána kalẹ̀. Soave Classico ni wọ́n kọ sí ara ìgò náà. Bàbá ọmọkùnrin yìí ní kì í ṣe ọtí ńlá kan, pé wáìnì tí àwọn máa ń gbé sórí tábìlì lójoojúmọ́ ni, ṣùgbọ́n mo rí i lójú wọn pé wọ́n ka ọtí náà sí, nítorí pé àjàrà tí bàbá tiwọn gbìn ni wọ́n fi pọn ọ́n.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ méjì sí òní, èmi ni n óò gbà wọ́n lálejò oúnjẹ ọ̀sán. Ènìyàn mẹ́wàá ni a óò jẹ́ nídìí tábìlì. Mo fẹ́ kí ọtí tí wọ́n fún mi wà níbẹ̀, kí oúnjẹ tí mo bá sè sì buyì fún un. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé mo ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan, kò sì dára. Mo ṣí ìgò kan, mo bu ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata díndín tí mo sè fún àwọn ará ilé, mo sì mu ọtí náà lé e. Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì ń fẹ́ iná ata náà ní ẹnu mi dípò kí ó pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tọ́ ìyókù rẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì láìtíì jẹ nǹkan kan, ó yàtọ̀ pátápátá: ó ń rọra ta sánsán bí òdòdó, ó sì ní ìkorò díẹ̀ ní ìparí tí kò burú rárá. Ìgbà náà ló yé mi pé oúnjẹ mi ni kò jẹ́ kí n mọ ohun tí ó wà nínú ìgò.

Ẹ jọ̀ọ́, irú oúnjẹ wo ni ọtí yìí ń fẹ́? Ṣé oúnjẹ àwọn ará Itálì nìkan ni mo gbọ́dọ̀ sè, àbí àyè wà fún ohun kan láti inú ìkòkò tiwa? Báwo ló sì ṣe yẹ kí ó tutù tó? Ẹni tí ó ti ṣe é rí ni mo fẹ́ kí ó dá mi lóhùn, nítorí pé ìgò márùn-ún péré ló kù, n kò sì fẹ́ fi òmíràn dán nǹkan wò mọ́.

Alágbàṣe Àjàrà (Verona)

Ẹ kú oríire ọmọ, Màmá. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ilé náà tòrò. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń bá wọn kórè àjàrà lórí àwọn òkè Soave, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ọgbà kí n tó dé ìdí tábìlì, torí pé ẹni tí ó bá mọ bí àjàrà náà ṣe rí yóò mọ ìdí tí ata fi borí rẹ̀.

Garganega ni orúkọ àjàrà náà. Òfin sọ pé ó gbọ́dọ̀ tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ó wà nínú ìgò Soave, ó kéré tán. Trebbiano di Soave tàbí Chardonnay lè wà nínú ìyókù. Kì í tètè pọ́n. Nígbà tí wọ́n bá ti kórè ọ̀pọ̀ àjàrà funfun mìíràn tán, òun ṣì wà lórí igi, lọ́pọ̀ ìgbà a sì máa ń wọ oṣù kẹwàá kí a tó parí rẹ̀. Wọ́n máa ń tẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ sórí àtíbàbà tí wọ́n ń pè ní pergola, tí ó ga ju orí ènìyàn lọ díẹ̀, tó fi jẹ́ pé abẹ́ òrùlé ewé ni a máa ń dúró sí, tí a óò na ọwọ́ sókè títí tí apá yóò fi máa ro wá, tí ṣìrì àjàrà gígùn tí èso rẹ̀ kò há yóò sì máa rọ̀ sílẹ̀ níwájú ojú wa. Tí ó bá gbó tán, èèpo rẹ̀ a máa pọ́n bíi wúrà, ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń pa á a sì máa pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ já ẹyọ kan jù sẹ́nu: adùn rẹ̀ kì í kọlu ènìyàn, jẹ́jẹ́ ló ń bọ̀. Bí ọtí náà ṣe rí nìyẹn. Òórùn òdòdó funfun ni, àti ti èso píà, àti ìkorò díẹ̀ bíi ti álímọ́ńdì ní ìparí, èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ti fi ahọ́n mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún yín.

Ọ̀rọ̀ Classico tí ẹ rí lára ìgò náà ní ìtumọ̀. Ó ń sọ fún wa pé orí àwọn òkè àtijọ́ tí ó yí ìlú Soave àti Monteforte ká ni àjàrà náà ti wá, kì í ṣe láti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi níbẹ̀ ilẹ̀ dúdú, nítorí pé òkúta tí iná abẹ́ ilẹ̀ pọ̀ jáde láyé ìgbàanì ló di erùpẹ̀ rẹ̀. Bàbá àna yín kàn ń rẹ ara wọn sílẹ̀ ni, bí wọ́n ṣe pè é ní wáìnì orí tábìlì. Nínú òfin Itálì, "vino da tavola" jẹ́ orúkọ ìpele tí ó kéré jù lọ nígbà kan, bẹ́ẹ̀ Soave ti gba òǹtẹ̀ DOC, òǹtẹ̀ òfin tí ń jẹ́rìí sí ibi tí wáìnì ti wá àti bí wọ́n ṣe ṣe é, láti ọdún 1968. Orúkọ rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ọgbà àjàrà tàn dé pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń kó èyí tí ó ṣàn bí omi lọ sí Amẹ́ríkà. Ó máa ń dùn mí bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń fi ojú ìgbà yẹn wo iṣẹ́ àwọn ará òkè wọ̀nyí.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò bá a mu ná. Agbára ọtí inú wáìnì yìí máa ń tó nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, ọtí a sì máa ru oró ata sókè ní ẹnu ni. Òun ni ẹ fi rí ohun tí ẹ rí. Dòdò kò bá a rìn pẹ̀lú, nítorí pé oúnjẹ tí ó bá dùn ju wáìnì lọ ló ń mú kí wáìnì náà kan. Ewúro yóò sọ ìkorò kékeré inú rẹ̀ di ńlá. Ohun tí ó ń fẹ́ ni oúnjẹ tí ó rọ̀, tí ó ní ọ̀rá díẹ̀, tí iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n: ẹja tí a fi òróró ólífì àti àlùbọ́sà sè, ìrẹsì tí a fi bọ́tà rò, ẹyin, wàrà líle tí kò tíì gbó púpọ̀ bíi Monte Veronese. Ìyá onílé tí mò ń bá ṣiṣẹ́ máa ń sè risi e bisi fún wa nígbà ìrúwé. Ìrẹsì àti ẹ̀wà píìsì tútù ni, ó máa ń ṣàn díẹ̀, ṣíbí ni a fi ń jẹ ẹ́. Ní Venice àtijọ́, òun ni oúnjẹ tí wọ́n ń gbé síwájú Doge, olórí ìlú náà, ní ọjọ́ Máàkù Mímọ́, ọjọ́ 25 oṣù kẹrin. Àwo rẹ̀ kan àti ife Soave kan, Màmá, kò sí ohun tí ó kù tí ènìyàn ń wá.

Ìyá Oníkòkò (Vicenza)

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n Alágbàṣe sọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti fo oúnjẹ tí mo rò pé ó yẹ kí Màmá sè gan-an. Ẹ sè bacalà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní Vicenza níbí, níbi tí mo ti ń dáná ní ilé oúnjẹ láti ọdún méje sẹ́yìn, bacalà tí wọ́n fi "c" kan ṣoṣo kọ kì í ṣe ẹja oníyọ̀ tí àwọn ará Itálì yòókù ń fi orúkọ yẹn pè. Òkporókó ni, Màmá. Òkporókó tí a mọ̀ nílé, tí àwọn kan ń pè ní pánla, tí wọ́n ń fi atẹ́gùn òtútù gbẹ lórí igi ní erékùṣù Lofoten ní Norway láìfi iyọ̀ kankan sí i. Ẹja kan náà ló ń pín sọ́nà méjì: ara rẹ̀ tí ó dára ń wá sí Itálì, orí rẹ̀ sì ń lọ sí Nàìjíríà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i lórí àtẹ ọjà níbí, mo dúró mo ń wò ó bí ẹni rí ẹbí lójú ọ̀nà.

Wáìnì gan-an ló sì mú un wá, bí ìtàn ṣe sọ. Ní ọdún 1431, oníṣòwò ará Venice kan tí ń jẹ́ Pietro Querini kó wáìnì Malvasia láti erékùṣù Crete, ó ń gbé e lọ sí Flanders, ìjì sì gbá ọkọ̀ rẹ̀ lọ jìnnà sí àríwá títí tí ọkọ̀ náà fi bàjẹ́. Àwọn tí ó yè gúnlẹ̀ sí Røst, ní Lofoten, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1432. Àwọn apẹja ibẹ̀ gbà wọ́n sílé, wọ́n sì ń fi ẹja gbígbẹ yìí bọ́ wọn. Nígbà tí Querini ń padà sílé, ẹja náà wà nínú ẹrù rẹ̀. Bàbá ọmọkùnrin yẹn yóò mọ ìtàn yìí, ẹ bi wọ́n.

Bí a ṣe ń sè é nìyí. Kìlógíráàmù kan ẹja gbígbẹ tó ènìyàn méjìlá, nítorí náà yóò ká ènìyàn mẹ́wàá yín. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Lóru, ẹ lè fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀ nínú fíríìjì. Tí ó bá ti rọ̀, ẹ yọ egungun rẹ̀, kí ẹ gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ rọra dín in nínú òróró ólífì títí tí yóò fi rọ̀ láìpọ́n, kí ẹ fọ́ sàdíìnì oníyọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbọn ewé pásílì sí i nígbà tí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fi ìyẹ̀fun àlìkámà díẹ̀ pa ẹja náà lára, kí ẹ tò ó sínú ìkòkò tí ó fẹ̀, kí ó fara kan ara, lórí díẹ̀ lára àlùbọ́sà yẹn, kí ẹ sì da ìyókù lé e lórí. Ààbọ̀ lítà mílíìkì tẹ̀ lé e, àti àádọ́ta gíráàmù wàrà líle grana tí ẹ ti rin, àti iyọ̀ díẹ̀, àti ata dúdú díẹ̀. Ẹ wá da òróró ólífì sí i títí tí yóò fi bo ẹja náà mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwọ̀n òróró náà dẹ́rù bà yín.

Iná tí ó kéré jù lọ ni ẹ óò gbé e kà, fún bíi wákàtí mẹ́rin àbọ̀. Kò gbọdọ̀ hó yéè. Àwọn ará Vicenza ní kí ó máa "pipare", bí ẹni ń fa ìkòkò tábà: ẹ óò rí i tí ó ń ta pọ́, tí ó sinmi, tí ó tún ta pọ́, ní etí ìkòkò. Ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ láéláé. Etí ìkòkò méjèèjì ni kí ẹ dì mú, kí ẹ yí i sọ́tùn-ún, kí ẹ yí i sósì, kí ó má baà jó. Tí ó bá jinná, mílíìkì àti òróró á ti di ọ̀kan, á di ọbẹ̀ kíki tí ó funfun bí àwọ̀ ẹyẹlé, ẹja náà á sì máa ya fúnra rẹ̀. Ó dùn jù ní ọjọ́ kejì, nítorí náà ẹ rẹ ẹ́ láti Ọjọ́rú, ẹ sè é ní Àbámẹ́ta, ẹ gbé e kaná lọ́jọ́ Àìkú. Polenta ni a fi ń jẹ ẹ́, ìyẹn ìyẹ̀fun àgbàdo tí a rò bí a ṣe ń ro túwó. Ọwọ́ tí ó ti ro ọkà rí kò ní kọ́ ọ.

Ẹ ó rí i pé gbogbo ohun tí Soave ń fẹ́ ti wà nínú ìkòkò náà: ọ̀rá tí kíkan díẹ̀ inú ọtí náà yóò gé, adùn àlùbọ́sà tí kò pọ̀ jù, àti ẹja tí òórùn rẹ̀ kò le. N kò ní pa òtítọ́ mọ́: àwọn ará Vicenza mìíràn yóò ní Vespaiolo ti ìlú Breganze ni wáìnì tí ó yẹ bacalà. Ṣùgbọ́n àwọn àna yín kò gbé Vespaiolo wá.

Àdìó (London)

Ilé ìtajà wáìnì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ òtútù nìkan ni mo sì fẹ́ fi kún un, nítorí pé kò sẹ́ni tí ó tíì dá Màmá lóhùn lórí rẹ̀. Soave lásán lè tutù dé dígírì 8, ṣùgbọ́n Classico ti orí òkè ń fẹ́ 10 sí 12. Tí ẹ bá gbé e jáde tààrà láti inú fíríìjì tí ẹ sì bù ú, kò ní ní òórùn kankan, ẹ óò sì rò pé omi ni. Ẹ gbé ìgò náà jáde ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣí i, ẹ má sì kún ife ju ìlàjì lọ, kí àyè wà fún òórùn rẹ̀.

Tí ẹ bá sì fẹ́ nǹkan dídùn ní ìparí oúnjẹ, ẹ má fi Soave yìí mu kéèkì. Ẹ wá ìgò kékeré Recioto di Soave. Garganega kan náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń sá a nínú ilé fún oṣù bíi mélòó kan títí tí yóò fi hunjọ kí wọ́n tó fún un, ìdí nìyẹn tí ó fi dùn tí ó sì ki. Òun ni wáìnì àkọ́kọ́ tí ó gba òǹtẹ̀ DOCG, èyí tí ó ga ju DOC lọ, ní gbogbo ẹkùn Veneto, ní ọdún 1998.

Ìyá Ìbejì (Padova)

Ẹ ṣeun, ẹ kú làálàá. Mo ti ra òkporókó náà, mo sì ti sọ ọ́ di bacalà lọ́kàn mi. Ohun kan ló kù. Ojú ń ti bàbá àwọn ọmọ pé kí àna wá sílé wa kí wọ́n má rí oúnjẹ Yorùbá kankan jẹ. Ṣé mọ́ínmọ́ín kò ní ba ọtí náà jẹ́, tí mo bá fi ṣíwájú?

Ìyá Oníkòkò (Vicenza)

Kò ní bà á jẹ́ rárá, Màmá, mo ti fi mu Soave rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀wà tí a bó tí a lọ̀ kúnná máa ń rọ̀ lẹ́nu, ẹyin àti ẹja inú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí wáìnì funfun mọ̀ dáadáa. Kí ẹ kàn ṣọ́ nǹkan bíi mélòó kan. Ẹ yọ ata rodo kúrò pátápátá, kí ẹ fi tàtàṣé rọ́pò rẹ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ ṣì pọ́n. Ẹ fi kún àlùbọ́sà rẹ̀. Ẹ má fi tòmátò sí i, nítorí kíkan rẹ̀ yóò bá ti ọtí náà jà. Òróró ẹ̀pà tàbí ti ólífì ni kí ẹ lò, kì í ṣe epo pupa, torí pé adùn epo pupa lágbára ju ti ọtí náà lọ, ẹ kò sì ní gbọ́ òórùn òdòdó yẹn mọ́. Ẹ ṣe é ní kékeré, ẹyọ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó wá sórí tábìlì ní lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì (Padova)

Ẹ̀yin ará, a ti jẹun náà tán lánàá, mo sì rí i pé ó yẹ kí n wá jábọ̀ fún yín.

Mọ́ínmọ́ín ló ṣíwájú. Ìyá ọmọkùnrin náà bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá lóòótọ́ ni pé ẹ̀wà ni. Nígbà tí mo gbé bacalà wọlé, bàbá ọmọ náà kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n bù díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n mu ọtí lé e, wọn kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ pé ìyá àwọn máa ń fi àlùbọ́sà púpọ̀ sí i báyìí. Èmi náà mu ọtí náà pẹ̀lú ẹja yẹn, mo sì tún gbọ́ òórùn tí mo gbọ́ lọ́jọ́ tí mo mu ún láìjẹ nǹkan. Ìgò mẹ́rin la ṣí nínú márùn-ún.

Mo bi wọ́n nípa Querini, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n sọ ìtàn náà tán, mo wọ inú ilé ìdáná, mo mú orí òkporókó kan jáde, èyí tí mo rà ní ìsọ̀ àwọn ará wa ní ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n gbà á, wọ́n ń yí i wò, wọ́n fi kan tábìlì, ó ró kò-kò-kò bí igi. Gbogbo ọjọ́ ayé wọn ni wọ́n ti ń jẹ ẹja yìí, wọn kò rí orí rẹ̀ rí. Wọ́n bi mí bí a ṣe ń sè é, mo ṣàlàyé ẹ̀fọ́ rírò fún wọn, pẹ̀lú irú àti epo pupa àti ata. Wọ́n ronú sí i, wọ́n ní kí n gbé ìkòkò náà wá sí Monteforte nígbà ìkórè, kí àwọn wá wáìnì tí yóò bá a mu nínú àwọn tí ó wà nílé ìtọ́jú ọtí àwọn.

Mo ti gbà. Alágbàṣe àti Ìyá Oníkòkò, ẹ bá mi ronú: báwo ni n óò ṣe dín ata ẹ̀fọ́ rírò kù tí adùn irú àti ti orí ẹja yẹn kò fi ní sọnù?